Ìgbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́lé fún mẹ̀kúnnù

Láàárọ̀ kùtùkùtù, ní oríta kan tí kò jìnnà sílé wa ní Ìkòròdú, àwọn ọkùnrin kan máa ń jókòó sórí pákó gbọọrọ kan tí wọ́n fi bulọ́ọ̀kù méjì gbé. Lébìrà, bíríkìlà àti káfíńtà ni wọ́n. Irinṣẹ́ wọn wà nínú àpò sìmẹ́ńtì tó ti gbó, orí òòlù yọ lẹ́nu àpò, ṣọ́bìrì fara ti ògiri. Ẹni tó bá níṣẹ́ á dá ọkọ̀ dúró, á mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta, àwọn tó kù á sún mọ́ra. Nígbà tí nǹkan rọgbọ, aago mẹ́jọ kì í bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lọ́dún 2020, mo kọjá níbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n ṣì pé. Ẹnì kan ti sùn, ó fi àpò irinṣẹ́ rọrí.

Ní òdìkejì títì, ilé kan wà tí ẹni tó ni ín kọ́ dé ojú fèrèsé kó tó pa á tì. Koríko ti hù ní pálọ̀. Lẹ́yìn ilé náà ni ilé oníyàrá tó kọjú síra, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fésì-mì-áì-fésì-yú. Bàbá kan, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ márùn-ún ló ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ wo nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀: ọwọ́ tó ń wá iṣẹ́, ilé tó ń wá ẹni tó máa parí òun, àti ẹbí tó ń wá ibi tó fẹ̀ díẹ̀ sùn sí. Tí ọmọdé bá ju òkò láti ọ̀dọ̀ èkínní, á balẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀kẹta. Owó tí kò yí ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ìgbàkígbà tí mo bá sọ pé àkókò tí nǹkan le ló yẹ kí ìjọba máa kọ́lé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ẹni tó ní òun ò lówó lọ́wọ́, kí ló tún fẹ́ fi kọ́lé?

Ọgbọ́n oníkálukú tó ń pa ọjà

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé máa ń pín ọdún sí ọ̀nà mẹ́rin, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tí àpapọ̀ ohun tí orílẹ̀-èdè kan ṣe jáde bá dín kù ní oṣù mẹ́ta kan, tó tún dín kù ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ní ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀. Ó ṣe wá bẹ́ẹ̀ ní 2016, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Lọ́dún yẹn, ọrọ̀ ajé wa fi bíi 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó tún ṣe wá ní 2020, nígbà kòrónà.

Ìnira ọdún 2023 sí 2024 yàtọ̀ sí ìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo nǹkan gbówó lórí, àmọ́ nínú ìwé ìṣirò, ọrọ̀ ajé ṣì ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ra gàrí kò rí ìyàtọ̀ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà, màá sì padà sórí rẹ̀, torí ó kan ibi tí owó ìkọ́lé ti máa wá.

Nígbà ìdẹnukọlẹ̀, ẹ̀rù á ba oníkálukú, kálukú á di owó rẹ̀ mú. Ìyá tó máa ń ránṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ á ní òun ò ránṣọ ọdún. Télọ̀ á ní kí ọmọ iṣẹ́ òun ṣì dúró sílé. Ọmọ iṣẹ́ kò ní ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì mọ́. Ìyá ẹlẹ́wà, tó jẹ́ pé òun gan-an ló máa ń ránṣọ, á dín ìkòkò ẹ̀wà kù. Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn, kò sì sí òmùgọ̀. Ọgbọ́n ni oníkálukú dá, àmọ́ nígbà tí ọgbọ́n náà pàdé ara wọn, ọjà kú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àfiwé tí wọ́n máa ń ṣe, pé kí ìjọba ṣe bíi baálé ilé tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí ẹnì kan bá ná ló ń wọlé fún ẹlòmíì. Tí ìjọba náà bá wá di tirẹ̀ mú nígbà tí gbogbo ìlú ti di tiwọn mú, ta ló kù tó máa ra nǹkan?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé 10,000 náírà kan. Ìjọba san án fún bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ìgbógbó. Bíríkìlà ná 6,000 nínú rẹ̀ lọ́jà Sábó, ó tọ́jú ìyókù tàbí kó fi ra ohun tó ti òkè òkun wá. Ọlọ́jà ná 3,600 nínú owó yẹn lọ́dọ̀ àwọn apẹja ní Bàyékù. Apẹja ná 2,160 lọ́dọ̀ ẹni tó bá a tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, tó ń kéré sí i. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ dé òpin, 10,000 náírà yẹn ti di títà àti rírà tó tó 25,000. Ní 1931, nígbà tí ọ̀dá owó gba gbogbo ayé kan, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Kahn, ló jókòó ṣe irú ìṣirò yìí ní kíkún, kí wọ́n lè mọ iye iṣẹ́ tó máa yọ tí ìjọba bá náwó sórí iṣẹ́ ìlú. Èmi ni mo mú mẹ́fà nínú mẹ́wàá láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó ń pinnu iye gidi ni bí owó ṣe ń pẹ́ tó nínú ìlú kó tó sá lọ.

Ibẹ̀ ni ilé ti yàtọ̀ sí ohun mìíràn. Tí ìjọba bá fi bílíọ̀nù kan ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì fún àwọn ìjòyè rẹ̀, owó náà ti wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń kọ́lé níbí. Yanrìn ń bọ̀ láti inú ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń wà á ní Májídùn. Sìmẹ́ńtì ń bọ̀ láti Èwékorò àti Ìbẹṣẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tó bá wa pààlà. Ilẹ̀ pupa wà káàkiri, èyí tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ tẹ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i, kó di bíríkì tó ń wọnú ara rẹ̀ láìsí pé wọ́n ń fi àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ìkọ́lé àti ojú ọ̀nà ti ń polongo irú bíríkì yìí tipẹ́. Àwọn tó máa mọ ọ́n wà lórí pákó ní oríta.

Ilé mẹ̀kúnnù kì í ṣe ilé ọ̀fẹ́

Tí mo bá ní ilé mẹ̀kúnnù, àwọn kan á rò pé mò ń sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń pín bíi ìrẹsì àsìkò ìbò. Rárá o. Ilé tí ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ́ ni, tí iye tí èèyàn ń san níbẹ̀ tẹ̀ lé iye tó ń wọlé fún un, dípò iye tí ọjà bá sọ. Ayálégbé ń sanwó lóṣooṣù. Owó náà ló ń tún ilé ṣe, òun náà ló ń san gbèsè tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń retí èrè àjẹyó lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe kà á pọ̀ mọ́ ilé tí ìjọba kọ́ láti tà. Òmíràn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ «ilé olówó pọ́ọ́kú» sára ọkọ̀ ìpolówó rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá dárúkọ iye rẹ̀, olùkọ́ méjì tó fẹ́ra wọn kò lè rà á bí wọ́n bá tiẹ̀ tọ́jú gbogbo owó oṣù wọn fún ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Lateef Jakande gorí àlééfà ìpínlẹ̀ Èkó ní 1979. Lọ́dún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, owó epo rọ̀bì já, ìjọba àpapọ̀ Shagari sì ṣe òfin ìṣọ́wóná ní oṣù kẹrin 1982. Gbogbo orílẹ̀-èdè ń pariwo pé kò sówó. Láàárín ariwo yẹn ni Jakande ń kọ́lé. Kì í ṣe Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn àti Ìpọ́nrí nìkan ló kọ́ ọ sí; ó kọ́ sí Ìkòròdú, ó kọ́ sí Ẹ̀pẹ́, ó kọ́ sí Àgbádárìgì. Kò sí ọ̀ṣọ́ lára àwọn ilé náà. Yàrá wọn kéré. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì ọdún, èèyàn ṣì ń gbé inú wọn, orúkọ rẹ̀ sì ti di orúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń gbé ní «ibùgbé olówó pọ́ọ́kú ti ìjọba», ohun tí wọ́n á sọ ni pé «mò ń gbé ní Jákàńdè». Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1983, iṣẹ́ náà dúró. Mo máa ń ronú nípa iye ìlú tí ì bá tún dé.

Ìlú Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria ṣe irú rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ìyà jẹ wọ́n gidigidi. Ní 1923, wọ́n gbé owó orí kan kalẹ̀ lórí ilé, tó jẹ́ pé ilé olówó ńlá ló ń san èyí tó pọ̀ jù. Títí di 1934, ilé tí wọ́n fi kọ́ lé ní 60,000. Wọn ò tà wọ́n. Ìlú náà ló ṣì ni wọ́n dòní, àwọn èèyàn ṣì ń san owó ilé níbẹ̀.

Kí ló wà nílẹ̀ fún wa báyìí? Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2016, níbi tí èèyàn á ti san márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé sílẹ̀, tí á wá máa san ìyókù bí owó ilé fún ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn èyí tí ilé á di tirẹ̀. Irú ilé tí ètò náà wà fún wà ní Ìgbógbó níbí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ olùgbé Èkó tó ń san owó orí, iye tó ń san lóṣù kò sì gbọdọ̀ ju bí ìdá mẹ́ta owó tó ń wọlé fún un. Ètò tó dáa ni. Àbùkù rẹ̀ lójú tèmi ni pé ẹni tí kò ní ìwé owó oṣù kò rọrùn fún láti wọlé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, apẹja, ọlọ́jà àti ẹni tó ń wakọ̀ ló pọ̀ jù ní Ìkòròdú. Ìjọba àpapọ̀ náà ti kéde pé àwọn á kọ́ ilé 100 sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 77,400. Kí àwọn ará Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì máa béèrè 100 tiwọn lọ́wọ́ alága ìbílẹ̀ wọn. Kí wọ́n sì béèrè orúkọ àwọn tó gbà á. Èmi fúnra mi ti gba fọ́ọ̀mù irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ní ọ́fíìsì kan. Mo kọ ọ́, mo san owó fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n máa wo pátákó fún orúkọ. Mo wo pátákó náà fún oṣù mẹ́jọ. Wọn ò lẹ ìwé kankan mọ́ ọn rí. Nígbà tí mo tún kọjá níbi ilé ọ̀hún, aṣọ ti wà lórí okùn ní gbogbo fèrèsé.

Ihò tí owó iná ń gbà jáde

Ilé tí wọ́n kọ́ tán, èèyàn á tún máa bọ́ ọ lóṣooṣù. Iná ló ń jẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ «ṣọ́ iná lò», wọ́n sì rò pé sólà ni wọ́n ń sọ. Sólà ń pèsè iná. Ohun tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ni ilé tí iná díẹ̀ tó fún. Ẹni tó ń pọn omi sínú ìkòkò tó jò lè máa lọ sódò nígbà mẹ́wàá lójúmọ́. Ẹni tó bá dí ihò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa lọ. Ẹgbin wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, nínú Ìkòròdú níbí, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́fà ti lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì iná, tí irin ńláńlá tó gbé wáyà kọjá lórí òrùlé wa. Odò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, òùngbẹ ṣì ń gbẹ wá. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa da ìwọ̀nba tó dé ọwọ́ wa nù.

Ẹ bá mi ṣírò. Gílóòbù oníná pupa tó jẹ́ 60 wáàtì, tó ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, á jẹ yúnìtì 10.8 lóṣù. Gílóòbù LED tó jẹ́ 9 wáàtì, tó tàn tó o tàbí tó jù ú lọ, á jẹ 1.62. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí iná wọn tó ogún wákàtí lójúmọ́, láti nǹkan bíi 68 náírà lọ sí 225 ní yúnìtì kan, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní eré. Ẹ jẹ́ ká lo 200 náírà kó lè rọrùn. Gílóòbù pupa márùn-ún á jẹ 10,800 náírà lóṣù. LED márùn-ún á jẹ 1,620. Ó lé ní 9,000 náírà tó ń ṣẹ́ kù lóṣooṣù, láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó sínú òkùnkùn.

Gílóòbù ló rọrùn jù. Ooru ló nira, torí òun ló ń mú wa tan fáànù mọ́jú, òun ló ń mú olówó ra ẹ̀rọ amúlétutù. Mo wọ yàrá ìyá kan tó ń ta ẹja ní àdúgbò wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Páànù ló wà lórí, kò sí àjà. Mo na ọwọ́ sókè, kò tíì kan páànù, ó ti ń ta mí lára bí ẹni tó na ọwọ́ sí ààrò. Abẹ́là tó gbé sórí kọ́bọ́ọ̀dù ti tẹ̀ kòlòbà, ó dorí kodò láìsí ẹni tó tàn án. Ó ní láti aago mọ́kànlá sí aago márùn-ún, ìta ni òun àti àwọn ọmọ máa ń wà, lábẹ́ igi máńgòrò aládùúgbò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oòrùn ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àárín orí wa ní apá ilẹ̀ yìí, nítorí náà orí ilé ló ń gba ooru jù, kì í ṣe ògiri. Páànù tó ti dógùn-ún ń gbé ooru náà mì, ó sì ń tú u sórí èèyàn nísàlẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí. Koríko tí wọ́n fi bo ilé kì í jẹ́ kí ooru wọlé, ògiri amọ̀ tó nípọn náà sì máa ń pẹ́ kó tó gbóná. Àwọn Àgùdà tó dé láti Bràsíìlì kọ́lé tí àjà rẹ̀ ga, tí fèrèsé onípákó rẹ̀ ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọ ìhà kan jáde ní ìkejì. Àwa la gbé bulọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ àti páànù dé, tí a sì gbàgbé àjà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí wọ́n kan àjà, kí wọ́n fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀ lábẹ́ ìbòrí ilé kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè jáde. Kí wọ́n kun páànù ní ọ̀dà funfun tó ń dá oòrùn padà. Kí fèrèsé wà ní ìhà méjì yàrá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé, kó jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù kọjú sí àríwá àti gúúsù, torí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ti ń gún ògiri. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìwé òfin kan jáde lórí ilé tó ń ṣọ́ iná lò láti 2017, àmọ́ mi ò tíì rí bíríkìlà kan ní oríta wa tí wọ́n fi hàn.

Mo bá bàbá onílé ìyá ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀. Mo ní, «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn kan àjà.» Bàbá wò mí, ó ní, «Ọmọ mi, ṣé èmi ni mò ń sùn níbẹ̀? Ṣé èmi ni mò ń san owó iná wọn?»

Bàbá kì í ṣe ìkà. Ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ gbòǹgbò ìṣòro yìí kárí ayé. Onílé ló máa san owó àjà, ayálégbé ló máa gbádùn rẹ̀, torí náà onílé kò ní ìdí láti ṣe é. Ayálégbé náà kò ní kan àjà sínú ilé tí wọ́n lè lé òun kúrò lọ́dún tó ń bọ̀. Ibí yìí ni ilé mẹ̀kúnnù àti ìṣọ́ná lò ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìjọba tàbí ẹgbẹ́ tó máa ni ilé fún ọgbọ̀n ọdún, tó sì ń wá ayálégbé tó máa lè san owó ilé déédéé, ló ní ìdí láti kan àjà lónìí, nítorí owó tí ayálégbé kò san fún iná ló máa fi san owó ilé.

Èyí tó yá àti èyí tó pẹ́

Ilé tuntun ń pẹ́. Kí wọ́n tó gba ilẹ̀, kí wọ́n tó bá àwọn ọmọ onílẹ̀ parí ọ̀rọ̀, kí àwòrán ilé tó jáde, ọdún méjì lè ti lọ, ìdẹnukọlẹ̀ sì lè ti kọjá. Àtúnṣe ilé tó ti wà kò nílò ilẹ̀. Àjà, ọ̀dà páànù, fèrèsé, wáyà tó ti jóná, ilé tí wọ́n pa tì lójú fèrèsé: lọ́sẹ̀ tí owó bá jáde ni káfíńtà lè bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ rán owó sórí àtúnṣe, kí wọ́n sì máa ṣètò ilé tuntun nígbà tí ìyẹn ń lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yíyá ní ewu. Ní 2009, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé mì tìtì, ìjọba Austrálíà ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé mẹ̀kúnnù tuntun tí wọ́n kọ́ lé ní 19,000, wọ́n sì tún àwọn ti àtijọ́ ṣe. Ìyẹn yọrí sí rere. Orílẹ̀-èdè náà kò sì bọ́ sínú ìdẹnukọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin tí China ń rà lọ́wọ́ wọn náà ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Apá kejì ni ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú àjà ilé láti dá ooru àti òtútù dúró. Owó pọ̀, wọ́n sì fẹ́ kó yá, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà rí wọ inú rẹ̀. Àwọn kan ń fi pín-ìn onírin kan bébà fàdákà mọ́ àjà, pín-ìn náà ń gún wáyà iná. Ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ mẹ́rin kú: iná gbé mẹ́ta, ooru inú àjà pa ẹnì kẹrin. Ilé mìíràn jóná. Ní oṣù kejì 2010, wọ́n dá ètò náà dúró. Ẹni tó bá ń ka èyí tó wà nípò àṣẹ, mo bẹ̀ ẹ́: kí rewáyà tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ wọ inú àjà kí káfíńtà tó gòkè, kí ẹnì kan sì máa yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó.

Àwa náà ní ìwé tiwa. Ní oṣù kẹfà 2020, ìgbìmọ̀ tí igbákejì ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, darí gbé ètò 2.3 tíríliọ̀nù náírà jáde láti gba ọrọ̀ ajé là. Ilé tó tó 300,000 lọ́dún wà nínú rẹ̀, sólà fún mílíọ̀nù márùn-ún ilé náà wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n inú ìwé náà péye. Ilé 300,000 lọ́dún ni a kò rí. Ó ń dùn mí, torí ọdún yẹn gan-an ni mo rí ẹni tó fi àpò irinṣẹ́ rọrí.

Owó náà ńkọ́?

Mo ní màá padà sórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdẹnukọlẹ̀ àti ọ̀wọ́n gógó, ìyẹn ìgbà tí gbogbo nǹkan ń gbówó lórí. Tí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bá pọ̀ nílẹ̀ tí iye ọjà kò sì sáré, ìjọba lè yáwó kọ́lé láìsí wàhálà. Tí ọ̀wọ́n gógó bá ń jà, àmọ́, tí ìjọba sì tẹ owó sórí rẹ̀, owó sìmẹ́ńtì á kàn máa gòkè ni. Ní ìparí 2024, èlé tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ilé mẹ̀kúnnù tó lè gbé irú èlé bẹ́ẹ̀. Owó tó tọ́ síbẹ̀ ni owó pípẹ́, tí èlé rẹ̀ kéré. Ó wà. Àpò ìkọ́lé ti orílẹ̀-èdè wà láti 1992: òṣìṣẹ́ ń fi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì lè yá owó ilé níbẹ̀ ní èlé mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà lè dara pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sì máa ń mú un rọrùn, nítorí náà kí ìyá ẹlẹ́ja má rò pé ti ìjọba nìkan ni. Owó ìfẹ̀yìntì tí a kó jọ ti ju 20 tíríliọ̀nù náírà lọ. Láti 2022, wọ́n gba òṣìṣẹ́ láàyè láti mú tó ìdá mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ láti fi san owó ìbẹ̀rẹ̀ lórí ilé. Àwọn tó mọ̀ nípa èyí nínú àwọn olùkọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ kò tó mẹ́ta.

Ẹni tí ìjọba kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ látinú ilé tirẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi ihò. Àbúrò mi kan ní Ìgbógbó fẹ́ ra sólà lọ́dún tó kọjá, nígbà tí owó epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ pa á. Ó pe ẹni tó máa ṣe é. Ọkùnrin náà kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná sílẹ̀: gílóòbù pupa mẹ́jọ tó ń tàn fún wákàtí mẹ́fà, fáànù òkè mẹ́ta, fíríìjì tòkúnbọ̀ tí rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ya, tó ń kùn láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó jẹ́ bíi yúnìtì mẹ́jọ lójúmọ́. Iye tó pè mú kí àbúrò mi dákẹ́. Mo ní kó fún mi ní oṣù mẹ́ta. A pààrọ̀ gílóòbù. Ó ta fíríìjì náà fún ẹni tó ń ra irin, ó fi owó àjọ ra kékeré tuntun. Fáànù onídíìsì, irú èyí tó ń lo iná bátìrì tààrà, tó ń jẹ 30 wáàtì rọ́pò ti òkè. Káfíńtà kan láti oríta kan àjà fún ọjọ́ mẹ́rin, ó mú ọmọ iṣẹ́ méjì dání.

Ọkùnrin onísólà padà wá, ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe lórí bébà kan náà. Yúnìtì mẹ́jọ ti di méjì àti díẹ̀. Ó wo bébà náà pẹ́, ó fa ìlà lórí bátìrì mẹ́rin, ó kọ ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.